Kò Tẹ́ Mi Lọ́rùn: Àǹtí Wa, Abẹ́rẹ́ Ìsanra àti Lẹ́tà Adójútòfò

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní sáà tó kọjá, àwa márùn-ún pé jọ sí yàrá ọ̀kan nínú wa, à ń múra ìdánwò ẹ̀kọ́ ìró èdè sílẹ̀, nígbà tí ìpè fídíò wọlé láti ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà. Àǹtí ọ̀rẹ́ wa ni, àbúrò ìyá rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ wọ́n, nítorí kò sí ẹni tí kò tíì jẹ nínú owó dátà tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́. A kí wọn, wọ́n dáhùn, wọ́n wá gbé ìwé kan síwájú fóònù. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì, ẹ bá mi ka nǹkan yìí. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta, 'rárá' nìkan ni mo rí níbẹ̀."

Lẹ́tà ilé-iṣẹ́ adójútòfò ìlera ni. Dókítà ti kọ abẹ́rẹ́ Wegovy fún Àǹtí, èyí tí wọ́n fi ń dín ìsanra kù. Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn kò ní sanwó rẹ̀.

Ká má parọ́, ẹ̀rín ni àwọn kan nínú wa kọ́kọ́ rín. Ọ̀kan ní, "Abẹ́rẹ́ kẹ̀? Kí wọ́n dín iyán kù, kí wọ́n sì máa fẹsẹ̀ rìn." Òmíràn ní ṣebí ara ni a fi ń mọ ẹni tó rí jẹ. Àǹtí gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọn kò bínú. Wọ́n kàn ní, "Ṣé ẹ ti rẹ́rìn-ín tán? Ó dáa. Ẹ ka lẹ́tà náà fún mi."

Ìtìjú alẹ́ ọjọ́ yẹn ló bí àpilẹ̀kọ yìí. Èrò wa nìyí, ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ wa àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ ti gboyè jáde, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun: aláwọ̀ dúdú tó ń wá oògùn ìsanra kì í ṣe ọ̀lẹ. Dókítà orí fóònù wúlò fún un, ṣùgbọ́n kò tó. "Rárá" tí adójútòfò bá kọ́kọ́ sọ kì í sì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Èdè Yorùbá ti ní orúkọ fún ohun tó kàn lẹ́yìn rárá: kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Kí ni Àǹtí ń wá gan-an?

Àǹtí jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n ń ṣe, wọ́n ń tọ́jú àwọn arúgbó. Àwọn ló ń gbé wọn dìde, àwọn ló ń wẹ̀ wọ́n, àwọn ló ń yí wọn lórí ibùsùn. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin kú níbí nípa àrùn rọpárọsẹ̀, kò tíì pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Nígbà tí a béèrè ìdí tí wọ́n fi fẹ́ abẹ́rẹ́ yìí, wọn kò sọ̀rọ̀ aṣọ tàbí ẹwà. Wọ́n ní, "Mi ò fẹ́ kí ẹlòmíràn máa yí èmi náà lórí ibùsùn."

Oògùn tó wà nínú Wegovy ń jẹ́ semaglutide. Ó ń ṣe bí èròjà kan tí ìfun wa máa ń tú jáde bí a bá jẹun, èyí tó ń sọ fún ọpọlọ pé oúnjẹ ti tó, tó sì ń jẹ́ kí oúnjẹ pẹ́ nínú ikùn. Àjọ FDA tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà, bí NAFDAC ṣe ń ṣe níbí, fọwọ́ sí oògùn kan náà lábẹ́ orúkọ Ozempic fún àtọ̀gbẹ ní oṣù Kejìlá ọdún 2017. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n fọwọ́ sí Wegovy fún ìsanrajù. Zepbound, tí oògùn inú tirẹ̀ ń jẹ́ tirzepatide, tẹ̀ lé e ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lórí semaglutide ní ọdún 2021, àwọn tó lò ó fún ọ̀sẹ̀ 68 fọn ní nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 ìwúwo wọn. Àwọn tí wọ́n fún ní abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú kò fọn tó ìdá 3, bẹ́ẹ̀ wọ́n gba gbogbo wọn nímọ̀ràn lórí oúnjẹ àti eré ìdárayá bákan náà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ní "kí wọ́n dín iyán kù" tún gbólóhùn yẹn kà.

Oògùn náà kì í ṣe ṣúgà o. Ó ń mú èébì, ìgbẹ́ gbuuru tàbí àìrígbẹ́yà wá. Ó lè dá òkúta sílẹ̀ nínú òróòro. Ẹni tí ìdílé rẹ̀ bá ní irú jẹjẹrẹ kan nínú ẹṣẹ́ tọ́rọ́ìdì kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé e sókè, láti mílígíráàmù 0.25 lọ́sẹ̀ títí dé 2.4. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí dókítà tó mọ̀ ọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ.

Dókítà inú fóònù

Àǹtí kò kọ́kọ́ lọ sórí fóònù. Ilé ìwòsàn ni wọ́n lọ, orúnkún ló ń dùn wọ́n. Dókítà wò wọ́n láti òkè dé ilẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ dín oúnjẹ kù. Kò bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń jẹ. Kò bi wọ́n ní wákàtí tí wọ́n ń sùn, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ló jókòó síwájú rẹ̀. Wọ́n padà sílé, wọn kò sì lọ mọ́ fún odidi ọdún kan.

Ìdí nìyẹn tí ìtọ́jú orí fóònù fi dùn mọ́ wọn. Wọ́n jókòó sínú yàrá wọn lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n dáhùn ìbéèrè fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n kọ gíga àti ìwúwo wọn síbẹ̀, wọ́n ya fọ́tò. Ní ọjọ́ kejì, dókítà kan tí wọn kò rí ojú rẹ̀ rí kọ oògùn fún wọn. Kò sẹ́ni tó wò wọ́n tìkà-tẹ̀gbin, wọn kò sì pa iṣẹ́ jẹ. Fún obìnrin dúdú tí wọ́n ti fi ojú bá wí ní ilé ìwòsàn rí, nǹkan kékeré kọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ní kò yẹ kí ìtọ́jú orí fóònù wà rárá, kó kọ́kọ́ tún ìjókòó ilé ìwòsàn ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó sonù. Kò sẹ́ni tó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Kò sẹ́ni tó béèrè jẹ́nótáìpù wọn. Nígbà tí adójútòfò béèrè ìwé ẹ̀rí, ilé-iṣẹ́ orí fóònù náà kò fi ju ojú ìwé kan ránṣẹ́. Nígbà tí "rárá" dé, ohun tí wọ́n sọ fún Àǹtí ni pé kí wọ́n gbàgbé adójútòfò, kí wọ́n san owó lọ́wọ́ fún oògùn àpòpọ̀, ìyẹn èyí tí ilé apòògùn pò fúnra rẹ̀. FDA kì í yẹ irú àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀ wò kí wọ́n tó tà á. Ìgbà tí ojúlówó wọ́n lọ́jà ni òfin fi àyè ńlá sílẹ̀ fún un, FDA sì ti kéde ní oṣù Kejì ọdún 2025 pé ọ̀wọ́n semaglutide ti tán. Fóònù ṣí ilẹ̀kùn fún Àǹtí lóòótọ́. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ láwọn nìkan.

"Rárá" oríṣi méjì

Ní ọdún 2025, iye tí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe Wegovy kọ sí i lára fún oṣù kan jẹ́ dọ́là 1,349. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní dọ́là 499 fún ẹni tó bá fẹ́ sanwó láti àpò ara rẹ̀. Bí ènìyàn bá ti san owó ilé, owó iná, tó sì fi ránṣẹ́ sí ilé, níbo ni irú owó bẹ́ẹ̀ yóò ti wá lóṣooṣù? Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kò lè ṣe kó má kan adójútòfò.

Ohun tí a kọ́ nínú lẹ́tà Àǹtí ni pé "rárá" pín sí méjì. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ní: ètò rẹ kò ní oògùn ìsanra nínú rárá. Èyí le. Títí di ọdún 2025, òfin ọdún 2003 kò jẹ́ kí Medicare, ètò àwọn àgbàlagbà, sanwó oògùn tó jẹ́ ti ìsanra nìkan. Medicaid tó wà fún àwọn tí owó kò fi bẹ́ẹ̀ wọlé fún, ọwọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló wà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ìpínlẹ̀ 13 péré ló ń sanwó oògùn yìí fún ìsanrajù. North Carolina pàápàá yọ ọ́ kúrò nínú ètò àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 nítorí owó. Bí "rárá" tìrẹ bá jẹ́ irú èyí, ẹni tí o máa bá sọ̀rọ̀ ni ọ̀gá tó yan ètò náà níbi iṣẹ́ rẹ.

Oríṣi kejì ni èyí tó ní: a máa ń san án, ṣùgbọ́n ìwọ kò tíì fi hàn wá pé ó tọ́ sí ọ. Irú èyí ni ti Àǹtí. BMI wọn, ìyẹn ìṣirò tí wọ́n fi gíga àti ìwúwo ṣe, jẹ́ 29. FDA fi oògùn náà sílẹ̀ fún ẹni tó bá dé 30, tàbí ẹni tó bá dé 27 tó tún ní àìsàn tó bá ìsanra rìn, bí ẹ̀jẹ̀ ríru. Àǹtí ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìbéèrè orí fóònù. Kò sí ẹni tó fi ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò rí 29, wọ́n pa fáìlì dé. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àwọn àgbà ń pè ní àgbà òṣìkà. Èyí tilẹ̀ burú jù ú lọ, nítorí wọn kò gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan.

Níbo ni àwọ̀ dúdú ti wọ ọ̀rọ̀?

Àwọn kan yóò ní adójútòfò kì í wo àwọ̀, nọ́ńbà ló ń wò. Ẹ jẹ́ ká wo nọ́ńbà náà.

BMI bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Adolphe Quetelet, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Belgium, ní nǹkan bí ọdún 1830 sí 1840. Àwọn ará Yúróòpù ló ń wọ̀n, kì í sì í ṣe àìsàn ló ń wá. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, AMA tó jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà sọ ọ́ jáde pé BMI nìkan kò tó láti fi dá ènìyàn lẹ́jọ́, àti pé wọ́n ti lò ó lọ́nà tó ṣe ìpalára fún àwọn ẹ̀yà kan. Síbẹ̀ òun ni òṣùwọ̀n àkọ́kọ́ tí adójútòfò ń gbé kalẹ̀.

Ìwádìí ọdún 2021 tí a mẹ́nu bà lókè ńkọ́? Nǹkan bí ènìyàn 75 nínú 100 tó kópa níbẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ funfun. Àwọn aláwọ̀ dúdú kò ju bí 6 lọ. Bẹ́ẹ̀ ní 2017 sí 2018, CDC kà á pé ìdá 56.9 nínú 100 obìnrin dúdú tó ti dàgbà ní Amẹ́ríkà ló ní ìsanrajù. Àwọn tí ìṣòro náà kàn jù ni wọn kò fi bẹ́ẹ̀ sí níbi tí wọ́n ti dán oògùn wò.

Èyí tó kàn wá jù lọ rèé, kí gbogbo ẹni tó jẹ́ AS fetí sílẹ̀. Bí àyẹ̀wò ṣúgà tí wọ́n ń pè ní HbA1c bá dé ìdá 6.5, wọ́n á ní o ti ní àtọ̀gbẹ, adójútòfò kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ bá ènìyàn jà mọ́ lórí Ozempic, tí í ṣe semaglutide kan náà. Àyẹ̀wò yìí ń wo ẹ̀jẹ̀ pupa. Ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA ní ọdún 2017 fi hàn pé láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú tí ṣúgà wọn rí bákan náà, HbA1c ti AS ń fi nǹkan bí 0.3 kéré sí ti AA. Ìyẹn ni pé AS lè ti ní àtọ̀gbẹ kí ìwé máa sọ pé kò tíì ní. Ní ilẹ̀ wa, ọmọ ilé ìwé girama mọ jẹ́nótáìpù rẹ̀ nítorí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, a sì ń béèrè rẹ̀ kí a tó fẹ́ra. AS sì ni nǹkan bí ènìyàn 1 nínú 4 ní Nàìjíríà. Ìbéèrè tí àfẹ́sọ́nà máa ń bi ara wọn níbí, fóònù kò bi Àǹtí.

AS ni Àǹtí. HbA1c wọn jẹ́ 6.3. A sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ bá dókítà ojúkojú, kí wọ́n ní kó fi àyẹ̀wò mìíràn wo ṣúgà wọn, èyí tí wọ́n ń ṣe láàárọ̀ kí ènìyàn tó jẹun. Wọ́n ṣe é. Kò tíì jẹ́ àtọ̀gbẹ, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ó ti súnmọ́ ọn. Nọ́ńbà yẹn kò sọ wọ́n di ẹni tó lè gba Ozempic. Ó kàn jẹ́ òótọ́, òótọ́ ló sì yẹ kí ènìyàn fi ṣe ìpinnu.

Ohun tí àwọn tó ta kò wá sọ

A jiyàn ọ̀rọ̀ yìí láàárín ara wa, àwọn tó ta kò wá kò sì sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Wọ́n ní owó adójútòfò kì í ṣe omi odò. Bí gbogbo ènìyàn bá gba abẹ́rẹ́ yìí, owó tí òṣìṣẹ́ ń dá lóṣooṣù yóò ga. Òótọ́ ni. Wọ́n ní ẹni tó bá dá a dúró yóò tún sanra. Òótọ́ ni: nígbà tí wọ́n tọpa àwọn tó dáwọ́ dúró fún ọdún kan, ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n fọn ti padà. Ṣùgbọ́n bí a bá dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró, ṣé ẹ̀jẹ̀ kì í tún ru? Ta ló ń fi ìyẹn pe oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ẹ̀tàn? Ní ti owó, ẹni tó mọ iye tí ó ń ná ilé ìwòsàn láti tọ́jú ẹni tí rọpárọsẹ̀ dá wó, kó bá wa ṣírò rẹ̀ kí ó tó ní abẹ́rẹ́ wọ́n jù.

Iṣẹ́ tiwa níbẹ̀

Ní ojú ìwé tó kẹ́yìn lẹ́tà náà, a rí gbólóhùn Yorùbá kan láàárín Amharic àti Faransé, kò sí àmì ohùn lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì lẹ̀ mọ́ra. Ó ń sọ pé ọ̀fẹ́ ni ògbufọ̀. Òfin ìlera ọdún 2010 ti Amẹ́ríkà ló fẹsẹ̀ ẹ̀tọ́ ìrànlọ́wọ́ lórí èdè múlẹ̀, Yorùbá sì wà lára èdè tí wọ́n ń kà mọ́ ọn ní Maryland. Àǹtí kò kíyè sí i rí. Wọ́n gbọ́ gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ṣùgbọ́n gẹ̀ẹ́sì adójútòfò, èdè mìíràn nìyẹn.

Wọ́n pè. Ògbufọ̀ kan dáhùn, ó sì gbìyànjú. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ìyọ̀ǹda tí dókítà gbọ́dọ̀ gbà lọ́wọ́ adójútòfò kí aláìsàn tó ra oògùn, ó pè é ní "àṣẹ àtijọ́". Àǹtí rò pé àṣẹ kan ti wà látijọ́ tí àwọn sọ nù. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń wá a nínú dúrọ́ọ̀ wọn. Àwa tí à ń kọ́ ìtumọ̀ èdè, tí a sì ń ráhùn pé kò síṣẹ́ fún Yorùbá, iṣẹ́ rèé. A fi "ìyọ̀ǹda ṣáájú ìtọ́jú" rọ́pò rẹ̀. "Kòtẹ́milọ́rùn" kò nílò ìtumọ̀. Ẹni tó bá mọ ilé-ẹjọ́ mọ̀ ọ́n.

Ohun tí Àǹtí ṣe lẹ́yìn náà, ẹ̀yin tó wà lọ́hùn-ún, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n béèrè ìdí "rárá" náà ní kíkọ. Wọ́n wo déètì, nítorí òfin fún ènìyàn ní ọjọ́ 180 láti pe kòtẹ́milọ́rùn sí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá tún kọ̀, ọ̀pọ̀ ètò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí onídàájọ́ mìíràn láti ìta yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, oṣù mẹ́rin sì ni àyè tó wà fún ìyẹn. Dókítà ojúkojú tí wọ́n padà lọ bá, òmíràn ni o, kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́, kọ lẹ́tà, ó sì fi àkọsílẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ọdún mẹ́sàn-án sí i. Àjọ KFF rí i pé lórí HealthCare.gov, nínú 100 ìgbà tí wọ́n kọ̀ láti sanwó, kòtẹ́milọ́rùn kò tó ẹyọ kan. Wọ́n mọ̀ pé a máa ń dákẹ́.

Ní ọjọ́ kẹtàlélógún, ìdáhùn dé. Wọ́n gbà, fún oṣù mẹ́fà péré. Bí Àǹtí kò bá fọn tó ìdá 5 nínú 100 nígbà náà, ẹjọ́ yóò tún bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ti wà ní oṣù kẹta báyìí. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, màmá wọn rí wọn lórí fídíò, wọ́n figbe ta: "Ọmọ mi, o ti rù! Ṣé ìyà ń jẹ ọ́ níbẹ̀ ni?" Àǹtí kò tíì sọ fún màmá wọn pé abẹ́rẹ́ ni. Wọ́n ń bẹ̀rù ẹnu ilé ju ti adójútòfò lọ, àwa tí a rẹ́rìn-ín lálẹ́ ọjọ́ yẹn sì mọ ìdí rẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa ti ṣèlérí pé bí sáà yìí bá parí, òun yóò lọ sílé, òun yóò jókòó ti Màmá àgbà, òun yóò sì ṣàlàyé fún wọn ní Yorùbá tó yé wọn pé ìyà kọ́, pé ọmọ wọn ń sá fún ohun tó pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.